Ipò Tí Kóòṣì Fún Mi

Bí mo bá ti gbọ́ fèrè réfirí, òórùn eruku pápá Logbaba, àdúgbò wa ní ìlú elédè Faransé, ló ń wá sí mi nímú. Níbẹ̀ ni kóòṣì ti ń pè mí ní "étranger". Ilé kéú nìkan ni mo ń lọ, Faransé mi kò kún ṣíbí. Mo rò pé ipò agbábọ́ọ̀lù-sáwọ̀n ni. Mo fi yangàn fún Bàbá.

Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ bá kóòṣì. Mo sá sẹ́yìn òpó góòlù tó tín-ín-rín jù mí lọ, mo gbà pé wọ́n fẹ́ yọ mí nínú tíìmù.

"Ibí la bí ọmọ yìí sí. Ẹ yé pè é ní àlejò, ó lórúkọ."

Kóòṣì họrí. "Ẹ má bínú, Àlhájì. Ẹnìkan ò sọ fún mi rí pé ó ń dunni."

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe Bàbá lọ́jà, Bàbá kò sì sọ fún wọn rí pé kí wọ́n yé e.

"Músá, wọlé!" kóòṣì ké pè mí.

Ayọ̀ mú mi gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sí gọ́tà. Bàbá pàtẹ́wọ́.