Ibi Tí Ọ̀kọ̀ Bítù Balẹ̀

Ọkọ Tatasa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ààrò búrẹ́dì tó wà níta odi àwọn ọmọ ogun, létí odò Dánúbì, kí ikọ́ tó mú un lọ. Láti ìgbà náà, ìdí ààrò yìí ni Tatasa ti ń jẹun, òun náà ló sì ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Àwọn ọmọ ogun a lọ àlìkámà wọn fúnra wọn, wọn a gbé ìyẹ̀fun tọ̀ ọ́ wá, torí búrẹ́dì tí wọ́n bá yan fúnra wọn, eyín ní í ká. Tó bá bá òkúta nínú ìyẹ̀fun, á bú wọn, wọn á rẹ́rìn-ín.

Késárì tuntun kò tíì pẹ́ lórí ìtẹ́ tí àṣẹ fi dé pé kí gbogbo odi etí odò múra, torí àwọn ará òdìkejì ti ń pọ́n idà. Láti odi títí dé ibi tí ọ̀kọ̀ tí wọ́n bá jù láti orí rẹ̀ bá balẹ̀, ohunkóhun kò gbọdọ̀ dúró, kí ọ̀tá má baà rí ibi sá pamọ́ sí. Ọkàn Tatasa bàjẹ́. Ó lè kó ìkòkò, ó lè fa ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ààrò amọ̀ tí kò ní fọ́?

Sabínù, balógun ọ̀rún, wá fúnra rẹ̀.

“Ìyá, ẹ má bínú o. Iṣẹ́ ni.”

“Mi ò bínú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n kó búrẹ́dì àárọ̀ yìí jáde ná. Tiyín wà níbẹ̀.”

Sabínù gbé itọ́ mì, ó pe Bítù, ọmọ ogun rẹ̀ kan. Nínú gbogbo ìdíje ọ̀kọ̀ jíjù, Bítù ló ń gbégbá orókè. Ó gun orí odi, ó kérora, ó ju ọ̀kọ̀. Ọ̀kọ̀ náà balẹ̀ níwájú ààrò, kò débẹ̀.

“Tún un jù.”

Ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ náà ló tún balẹ̀ sí.

“Bítù, ṣé ara rẹ yá ṣá?”

“Ọ̀gá, atẹ́gùn ni.”

Aṣọ tí Tatasa sá sórí okùn kò mì rárá. Sabínù wo aṣọ náà, òórùn búrẹ́dì sì ń fẹ́ sí i nímú.

“Atẹ́gùn yìí pọ̀ lóòótọ́,” ló wí, ó sì ní kí wọ́n ri òpó ààlà mọ́ ibi tí ọ̀kọ̀ dé.

Inú Tatasa dùn dé ẹ̀yìn. Síbẹ̀, nígbà tí Bítù wá gba búrẹ́dì, ó bi í pé, “Ṣé apá yìí náà lo máa fi gbà wá lọ́wọ́ ọ̀tá?”

“Ìyá, ẹ ṣáà máa yan búrẹ́dì.”

Nígbà òtútù, odò dì, àwọn ọ̀tá sì gba orí yìnyín bọ̀. Tatasa fa ewúrẹ́ rẹ̀ wọ inú odi, ó gun orí odi, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ààrò. Bítù jù. Ọ̀kọ̀ náà gba orí ààrò kọjá, ó kọjá ọgbà ẹ̀fọ́, ó gún yìnyín níwájú ẹni tó ṣáájú wọn gan-an. Ẹni náà dúró, ó wo odi, ó wo ọ̀kọ̀, ó pẹ̀yìn dà, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e.

Sabínù wo ọ̀kọ̀ tó wà lókèèrè náà títí.

“Ó jọ pé atẹ́gùn ti rọlẹ̀,” ló wí.

Tatasa ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ dáná.