Ọkọ mi ta àwọ̀n, ó fi ta tẹ́tẹ́ orí fóònù

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.

Apẹja lọkọ mi ní Ugbonla níbí. Láàárọ̀ yìí, mo wá àwọ̀n rẹ̀ títí, mi ò rí i.

Mo bá a lẹ́bàá omi, ó tẹjú mọ́ tẹ́tẹ́ orí fóònù. Àwòrán àgbàdo, adìẹ àti màlúù ló ń yí lójú fóònù náà, bí oko.

Mo ní, "Bàbá Tósìn, àwọ̀n dà?"

Kò gbójú sókè. "Mo ti tà á. Ó ku màlúù kan péré kí bónọ́ọ̀sì wọlé. Bó bá wọlé, àwọn onítẹ́tẹ́ á jẹ́ kí n máa yí i lọ́fẹ̀ẹ́."

Màlúù ò jáde. Owó tán.

Ó wá ń bi mí báyìí pé kí la fẹ́ jẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ọkọ, kí ni kí n dá a lóhùn?