Ọjọ́ Tí Mo Tú Àṣírí Bàbá Mi Lórí Ìtàgé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní àdúgbò Temple níhìn-ín ní Calgary, ní Kánádà, ìgbà kan wà tó jẹ́ ẹ̀wà láàárọ̀, ẹ̀wà lálẹ́. Owó epo rọ̀bì ló já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ bàbá mi sì dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n "Engineer" ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń pè wọ́n, bàbá mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń de táì, tí wọ́n ń gbé báàgì wọ train. Màmá mi nìkan ló mọ̀ pé láíbìrì ni wọ́n ń lọ.

Èmi náà mọ̀ lọ́jọ́ tí tíṣà kó wa lọ síbẹ̀. Mo bá bàbá mi lórí àga, ìwé ìròyìn bò wọ́n lójú, wọ́n ń hanrun. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n fi ìka lé ètè, wọ́n sì ki súìtì mẹ́ta bọ̀ mí lápò. Mo jẹ súìtì náà, mo sì búra pé n kò ní sọ.

Lásìkò yẹn, class wa ń múra eré kan nípa àwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nílùú yìí láyé ọjọ́un, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, tí wọ́n sì ṣe ìwọ́de. Ọjọ́ kejì ìwọ́de gan-an la ṣe: àwọn tó wọ́de jókòó sórí koríko, ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, àwọn ará ìlú ń gbé ọbẹ̀ àti búrẹ́dì wá. Èmi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó wọ́de. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fún mi.

Bàbá mi wá wòran. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni Mọ́mì Tólú jókòó sí, olórí àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ọmọ wọn náà wà nínú eré. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ fún wọn pé àwọn tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ ni. Bí mo ṣe dìde báyìí, gbólóhùn mi pòórá. Tíṣà sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Just tell them why you marched." Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: tí àgbà bá ní ká sọ, a ó sọ.

"My daddy has no job," ni mo wí. "He sleeps in the library. And I'm tired of beans!"

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé eré ni. Bàbá mi náà ń pàtẹ́wọ́, òógùn ń ṣàn lójú wọn. Mọ́mì Tólú nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

A délé, mo kúnlẹ̀ ní basement, ọwọ́ méjèèjì lókè. Ibẹ̀ ni mo wà tí ilẹ̀kùn fi dún. Mo yọjú láti orí àtẹ̀gùn: àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni, snow lórí fìlà wọn, kúlà ìrẹsì àti adìyẹ lọ́wọ́ wọn.

"Engineer, since when? Ẹ ò sì sọ fún wa!" Ohùn Mọ́mì Tólú nìyẹn.

"Ẹ má dá ọmọdé lóhùn, ma. Eré ni."

Mọ́mì Tólú kọjá sí kíṣìnì, wọ́n ṣí ìkòkò ẹ̀wà wò, wọ́n sì pa á dé. Ni mo bá gbọ́ tí bàbá mi bú sẹ́kún. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ẹ̀rù bà mí gan-an. Nígbà tó yá, bàbá mi pè mí látòkè: "Aṣòfófó, gòkè wá jẹran." Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wọ̀nyẹn ló bá wọn wá iṣẹ́ mìíràn kí snow tó yọ́.

Lóde òní, tíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wa, a ó kọ "consultant" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wa lórí fóònù, bí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. A kì í kan ilẹ̀kùn ara wa mọ́ láì kọ́kọ́ fi text ránṣẹ́. Ká ní wọ́n fi text ránṣẹ́ sí bàbá mi nígbà yẹn ni, wọn ìbá fèsì pé àwọn ò sí nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ilé iṣẹ́ tèmi náà ti ní kí n máa lọ. Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún, ẹ̀yin lẹ ṣìkejì. Àdúgbò Cranston là ń gbé báyìí, ní Calgary níhìn-ín náà. A wà nílé.