Òróró Inú Aago Pẹlẹbẹ

Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ti dárí ji ìyá mi tán kí n tó jókòó kọ èyí. Mo máa ń gbìyànjú. Bí mo bá ti ń rò pé mo ti ṣe é, àyà mi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ilé-iṣẹ́ aago kan nílẹ̀ òkèèrè ló ń wá ẹnì kan tí wọn yóò kọ́ níṣẹ́. Wọ́n ní kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe aago ọwọ́ tí kò lo bátìrì, tí kò nípọn tó mìlímítà mẹ́rin, kó sì fi fídíò ibi tí aago náà ti ń ṣiṣẹ́ ránṣẹ́. Mo kàwé gboyè nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, mo sì ti jókòó sílé ní Òkìtìpupa fún ọdún méjì. Mo gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Bóyá mo gbà bẹ́ẹ̀ jù.

Mo ra aago àtijọ́ kan tó ti kú, mo tú u palẹ̀. Nínú aago lásán, àwọn jíà eléyín tó ń yí ọwọ́ aago máa ń gun ara wọn lórí. Ohun tó ń mú un sanra nìyẹn. Èmi tẹ́ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo sọ ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ di ibi tí àwọn jíà dúró lé, kí n lè yọ odindi irin kan dànù. Mo fi fáìlì ha afárá idẹ kékeré tó di àwọn jíà mú títí ó fi fẹ́lẹ́ bí èékánná. Oṣù mẹ́fà gbáko. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, mo sunkún, ojú sì tún tì mí pé mo sunkún.

Mi ò tíì lẹ gíláàsì rẹ̀ pa, nítorí mo ṣì ń tún ìrìn rẹ̀ ṣe. Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá mi ń yan púpùrù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, lẹ́yìnkùlé, wọ́n bi mí pé, "Ṣé nǹkan yìí kò fẹ́ òróró ni?"

"Ó fẹ́ ẹ, Ìyé. Ṣùgbọ́n bíńtín ni, bí orí abẹ́rẹ́."

"Orí abẹ́rẹ́? Ahun ni ẹ́ o!"

A jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi tí mo máa ń ṣàlàyé ohun gbogbo.

Nínú ìjọ aládùúrà wa, ohun tó bá máa múni rìnrìn àjò, a ó fi òróró yà á sí mímọ́ kí èèyàn tó kúrò nílé: ìwé ìrìnnà, ìwé ẹ̀rí, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ọ̀sán Mọ́ńdè ni ilé-iṣẹ́ náà máa tilẹ̀kùn, tí wọn ò ní gba fídíò mọ́. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, mo lọ yá kámẹ́rà ní Òde-Ayé. Kí n tó dé, ìyá mi ti fi aṣọ funfun wé aago mi, wọ́n ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo sáré débẹ̀, mo bá aago náà níwájú pẹpẹ. Òróró ń ṣàn jáde lábẹ́ gíláàsì, ọwọ́ aago sì ń sáré kútúpà-kútúpà.

"Ẹ wò ó!" ni wòlíì ń pariwo. "Ọlọ́run ti mú àkókò ọmọ yìí yá!"

"Àmín!"

"Ó ń sáré torí pé ẹ ti bà á jẹ́!" Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀. Irin wíwé kan wà nínú aago tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Bí òróró bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ńṣe ló máa ń sáré bí wèrè.

"Ọmọ mi, òróró ṣáà ni," ìyá mi wí. "Fọ̀ ọ́ nù."

"Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀!"

Bàbá kan dìde lẹ́yìn. "Ìyá rẹ lò ń jágbe mọ́ yẹn? Ìwé ti yí ẹ lórí!"

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: òótọ́ ni ìyá mi sọ. Òróró ṣeé fọ̀. Mo fi bẹntiróòlù fọ irin wíwé náà, ó mọ́ ṣákáṣáká. Àmọ́ ìbínú ni mo fi ń to aago náà padà ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Ẹ̀mú kékeré tí mo fi ń mú nǹkan yọ̀, ó tẹ afárá idẹ yẹn, afárá náà sì ká, kò ṣeé nà mọ́. Ọ̀sán pé. Wọ́n tilẹ̀kùn.

Ìyá mi ò bẹ̀ mí. Wọ́n kàn ní, "Ìgbà wo ni wọ́n tún máa gba èèyàn, kí n lè tètè bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀?" Mo bú sí igbe, mo jáde nílé.

Mo ti ń ṣe òmíràn báyìí. Mi ò sọ fún ìyá mi. Wọ́n ń gbá eruku idẹ kúrò nílẹ̀ yàrá mi láràárọ̀, wọn ò sì béèrè nǹkan kan. Ìyẹn náà ń bí mi nínú.