Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú fún Hanifah

Ìka mẹ́ta ni Hanifah ọmọ Bùsàrí fi sílẹ̀ nínú oko kajú ìdílé wọn lẹ́yìn Ọ̀kà, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Àtàǹpàkò kù, ìka tó kéré jù kù, àwọn mẹ́ta tó wà láàárín wọn ni àdá gé lọ. Ẹni tó gbé àdá náà sókè kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ajínigbé inú igbó. Hámzàt ni, àbúrò bàbá rẹ̀, ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan.

Ọ̀rọ̀ igi kajú mẹ́rin ló dá a sílẹ̀. Kí bàbá wọn àgbà tó kú, ó ti pín oko náà sí méjì, ó fi àpáta ńlá kan ṣe ààlà. Àmọ́ igi mẹ́rin hù mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpáta gan-an, kò sì sẹ́ni tó rántí bi bàbá náà, nígbà tó wà láàyè, pé ta ló ni wọ́n. Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, Hámzàt dé oko, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Hanifah tí wọ́n ń ṣa èso abẹ́ igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣa èyí?"

"Igi bàbá mi ni. Ìwọ ńkọ́, ta ló bí ẹ?"

"Ẹ ṣa tèṣí. Ẹ ṣa ti ìdúnta. Tèmi dà?"

"Lọ gbin tìẹ."

Bí Hámzàt ṣe fẹ́ gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, Bùsàrí fọ́ ọ létí. Hámzàt forí kàn án níkùn, àwọn méjèèjì ṣubú lu àpò, èso kajú fọ́n káàkiri. Bùsàrí gun àbúrò rẹ̀ láyà, ó ń kó ẹ̀ṣẹ́ bò ó lẹ́nu títí eyín kan fi yọ. Nígbà tí Hámzàt já ara rẹ̀ gbà, àdá ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ó gbé e sókè. Hanifah kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi dí orí bàbá rẹ̀.

Kò dùn ún lójú ẹsẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ojú àbúrò bàbá rẹ̀, ẹnu ọkùnrin náà là sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba àgbọ̀n rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Hanifah náà wo ilẹ̀. Ìka rẹ̀ wà láàárín èso kajú. Ìgbà yẹn ló tó figbe ta.

Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, Ìyá Àgbà Àsàmáù, tó bí ọkùnrin méjèèjì, ti fa aṣọ ara rẹ̀ ya láti fi di ọwọ́ náà, ó sì ti kọ́ gbogbo ilé ní ohun tí wọ́n máa sọ. "Ẹ̀rọ ata ló gé e. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ̀rọ ata." Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ sínú káàdì náà nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà gbé Àlùkùránì kalẹ̀ lórí ẹní, ó ní kí wọ́n wá gbọ́wọ́ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìka ọmọ ọmọ mi ti lọ. Mi ò ní jẹ́ kí ọlọ́pàá tún wá gbé ọmọ tí mo bí lọ. Ẹni tó bá sọ ọ́ síta, ọmú tí mo fi tọ́ ìdílé yìí á bi í."

Ọwọ́ òsì ni Hanifah fi búra, nítorí pé ọ̀tún wà nínú báńdéèjì. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni Hámzàt kó kúrò ní Ọ̀kà, ó lọ ń gun ọ̀kadà ní Ìkàrẹ́. Kò fọwọ́ kan àdá mọ́, kò sì jẹun nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Hanifah ti gbìyànjú láti fi òsì kọ̀wé, òsì kọ̀. Ó wá kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi àtàǹpàkò àti ìka tó kéré jù há bírò mú. Ìwé rẹ̀ mọ́, ó ṣeé kà, àmọ́ ó lọ́ra bí ẹni ń gun òkè Ọ̀kà pẹ̀lú ẹrù lórí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìkàrẹ́ láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́.

Ìdánwò àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Wákàtí méjì, ìbéèrè mẹ́rin. Nígbà tí àwọn yòókù ń parí ẹ̀kẹrin, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹ̀kẹta. Ọwọ́ rẹ̀ ń ta.

"Àkókò ti tó! Ẹ gbé bírò sílẹ̀!" Olùṣọ́ ìdánwò, Ọ̀gbẹ́ni Clement, géńdé ọkùnrin tó máa ń fi ẹsẹ̀ rìn bí ẹni ń gún iyán, ti dé orí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbólóhùn kan ló kù."

"O fẹ́ bá mi jà ni?"

Ó fa ìwé náà. Hanifah kò mọ̀gbà tó dì í mú. Ọkùnrin náà já a gbà tagbáratagbára, wáyà tí wọ́n fi di ìwé náà pọ̀ fa ojú àpá rẹ̀ ya, ọwọ́ rẹ̀ sì gbá igun tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ojú ìwé. Ọ̀gbẹ́ni Clement wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó wo ọwọ́ náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú ìdánwò mẹ́fà, mẹ́ta ni Hanifah fìdí rẹmi. Bí ó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní sáà kejì, kọ́lẹ́ẹ̀jì á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé.

Happiness, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó, ló là á lójú. "Ìwọ kò mọ̀ pé fọ́ọ̀mù wà ni? Bọ̀dá afọ́jú tó wà níwájú wa, ṣé o rò pé wákàtí méjì tiwa yìí lòun náà ń lò? Lọ gbà á, jàre. Ojú ló ń tì ẹ́."

Hanifah gba fọ́ọ̀mù. Ohun kan péré ló béèrè, àfikún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ìdánwò kọ̀ọ̀kan.

Ìyáàfin Zipporah Adébíyìí ló ń mójú tó irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Tábìlì rẹ̀ mọ́ tónítóní, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ka ìwé tí dókítà kọ láti inú káàdì àtijọ́, ó yọ awò ojú, ó ní kí Hanifah na ọwọ́ sórí tábìlì.

"Ẹ̀rọ ata?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ̀rọ ta ni?"

"Ti... ti àdúgbò wa, mà."

"Ọmọ mi, ìdí ẹ̀rọ ni ìyá mi ti tọ́ mi dàgbà ní Ògbàgì. Mo ti rí ọwọ́ tí ẹ̀rọ mú. Ẹ̀rọ kì í gé ìka, rírún ló máa ń rún un. Á bó awọ, á fọ́ eegun. Wo tìrẹ. Ó lọ tààrà bí ìgbà tí wọ́n bẹ́ iṣu. Àdá ni."

Hanifah fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

"Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣá ara wọn lẹ́yìn ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ọ̀kan kú. Èkejì gbé irú ọwọ́ yìí wá síwájú mi, ó ní ọ̀kadà ló gbá òun. Ẹgbẹ́ wo lo wà?"

"Háà, mà! Mi ò ṣẹgbẹ́ kankan!"

"Ta ló ṣá ọ, nígbà náà?"

Hanifah rántí Àlùkùránì orí ẹní.

"Mo fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́," ni Ìyáàfin náà wí, "ṣùgbọ́n mi ò ní buwọ́ lu irọ́. Mú ẹni tó mọ òtítọ́ wá kí ọ̀sán Jímọ̀ tó lé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni màá fi èyí ránṣẹ́ sí. Àwọn yẹn kì í fi sùúrù béèrè ọ̀rọ̀."

Nílé, Hanifah kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé àdá..."

Ìgbájú ló fi dá a lóhùn. Orí Hanifah lu férémù ilẹ̀kùn. Bàbá tún gbọ́wọ́ sókè, Ìyá Àgbà figbe ta láti orí ẹní.

"Bùsàrí! Má pa á!" Ìyá náà wá yíjú sí i. "O búra, Hanifah."

"Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde lára mi nígbà tí mo búra, Ìyá Àgbà. Ta ló bi mí bóyá mo fẹ́?"

"Torí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lo fẹ́ tú ilé?"

"Irọ́ yín ló fẹ́ lé mi kúrò nílé ìwé! Wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni mí!"

Bàbá rẹ̀ ń mí gúlegúle. "O rò pé Hámzàt nìkan là ń bò? Bí wọ́n bá dé orí àdá, wọ́n á bi mí pé ta ló kọ́kọ́ lu ẹnì kejì." Ó nàka sí ilẹ̀kùn. "Bí o bá sọ ọ́, má padà wọ ilé yìí."

Hanifah nu ẹnu rẹ̀. Láàárọ̀ Jímọ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, ó lọ sí oríta tí àwọn ọlọ́kadà ń jókòó sí.

"Hámzàt, ìyàwó kékeré dé o!" ni ọ̀kan nínú wọn kígbe. "Ẹ̀yin àgbààyà, ẹ ò ní yé kó wọn!"

"Fọwọ́ dé ẹnu ẹ, Rufus. Ọmọ mi ni." Hámzàt kò lè wo Hanifah lójú. Táyà ọ̀kadà ló ń wò ní gbogbo ìgbà tí Hanifah fi ń rojọ́. Nígbà tó parí, Hámzàt ní, "Ṣé wọ́n á tì mí mọ́lé?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá Kékeré. Mi ò lè purọ́ fún yín."

Ó tutọ́ sílẹ̀. Ó ṣáná sí ọ̀kadà. "Gùn ún."

Níwájú Ìyáàfin Adébíyìí, Hámzàt ṣí akoto orí rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, kò jókòó.

"Èmi ni mo gé e."

"Ṣé àṣìṣe ni?"

"Ọwọ́ tirẹ̀ ni àṣìṣe, mà. Orí ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ là."

Ilẹ̀kùn gbá ògiri. Bùsàrí ni. Ìyá Àgbà ló rán an tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ láti Ọ̀kà, ó sì gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ó gbé akoto lórí tábìlì, ó là á mọ́ àbúrò rẹ̀ lójú. Ó tún là á mọ́ ọn. Hámzàt kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó dúró bí òpó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, imú rẹ̀ fọ́ kẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ ya bo àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó wó sórí eékún. Bùsàrí gbé akoto sókè lẹ́ẹ̀kẹrin.

Hanifah fi èjìká gbá bàbá rẹ̀ mọ́ ògiri.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lù ú! Mo wà níbẹ̀! Ẹ gbá a létí, ẹ yọ eyín rẹ̀, kó tó di pé ó fọwọ́ kan àdá!"

Kò sẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ìdílé wọn rí. Bùsàrí sọ ọwọ́ kalẹ̀. Akoto já bọ́, ó ń yí lórí ilẹ̀. Àwọn ọlọ́dẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti sáré dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Adébíyìí fọwọ́ dá wọn dúró.

"Ṣé òótọ́ lọmọ yìí sọ?"

Bùsàrí wo àbúrò rẹ̀ tó wà lórí eékún. "Òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ lù ú."

Ìyáàfin náà nu ẹ̀jẹ̀ orí tábìlì kúrò, kó má bàa kan ìwé. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé àdá ló gé e níbi ìjà ìdílé, pé akẹ́kọ̀ọ́ kò bá wọn jà, pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tọ́ sí i. Ó buwọ́ lù ú.

Hámzàt fi aṣọ di imú, ó gba ọsibítù lọ. Bùsàrí padà sí Ọ̀kà, kò bojú wẹ̀yìn. Hanifah kó aṣọ rẹ̀ lọ sí yàrá Happiness. Nígbà tó pe Ìyá Àgbà lórí fóònù, ìyá náà gbọ́ ohùn rẹ̀, ó pa fóònù.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wákàtí méjì pé, wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, àga ń han lórí ilẹ̀, ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ìta. Obìnrin tó ń ṣọ́ wọn lọ́jọ́ náà ka lẹ́tà orí tábìlì Hanifah, ó wo aago, ó lọ jókòó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Hanifah ṣì wú níbi tí bàbá rẹ̀ ti gbá a. Ọwọ́ rẹ̀ ń ta á dé ìgbọ̀nwọ́. Ó yí ìwé sí ìbéèrè kẹrin, èyí tí kò dé rí láti ọjọ́ tó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin nígbà tó gbé bírò sílẹ̀ fúnra rẹ̀.