Abẹ́rẹ́ Oníná àti Ọwọ́ Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí ní Ugbonla níbí, ìlú wa tó wà lórí omi, torí ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé mi títí di báyìí.

Àrùn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ewúrẹ́ mi lọ tán lọ́dún tó kọjá. Imú wọn ń ṣàn, wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì kú. Abo kan ṣoṣo ló kù, òun ni mo gbójú lé láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn padà. Nígbà tí a wá gbọ́ pé àrùn náà tún ti dé Abereke nítòsí wa, ẹ̀rù bà mí pé yóò pa èyí náà.

Dókítà ẹran kan wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Ó ní abẹ́rẹ́ tuntun kan wà tí àwọn ṣì ń dán wò. Ó ní oògùn inú rẹ̀ kì í ṣe àrùn, ó dà bí ìwé tí ara ewúrẹ́ máa kà, kó lè dá àrùn mọ̀ tó bá dé. Àmọ́ kì í tètè wọlé fúnra rẹ̀, àfi kí wọ́n fi iná díẹ̀ ṣí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú ẹran ara. Mo bi í pé ta ló máa wá ti ilẹ̀kùn náà? Ó ní ó máa pa ara rẹ̀ dé. Ṣé ó yé ẹ̀yin? Àwa tí a ò rí iná ìjọba lò, iná wá di ti ewúrẹ́!

Ó fún ewúrẹ́ mi lóògùn oorun, ó gún un ní itan, ó ki irin tín-ín-rín bọ ibẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì. Ẹsẹ̀ ẹran náà ta, ó tún dákẹ́. Dókítà ní ká má fọwọ́ kàn án, ló bá gba orí afárá pákó kọjá sílé kejì, lọ gún ewúrẹ́ Ìyá Ẹ̀bùn, aládùúgbò wa.

Ìyá ọkọ mi, tí kò gbọ́ àlàyé dókítà, ò gbà. Lọ́dọ̀ àwa apẹja, ẹni tí òjíjí, ẹja tó ń gbọ̀n èèyàn bí iná, bá ta, omi gbígbóná la fi ń tẹ̀ ẹ́ lára títí ara á fi jí. Mama gbómi gbígbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ itan ewúrẹ́. Ó ń fi èdè ìlú wa pe ẹran náà lọ́mọ, ó ń wí pé, “Ọma mi, a kì í jẹ́ kí iná sùn síni lára.”

Dókítà dé, ó lanu sílẹ̀. Mo bi í bóyá oògùn ti bàjẹ́. Ó ní òun ò mọ̀, pé kò sẹ́ni tó fi omi gbígbóná tẹ irú rẹ̀ rí. Inú mi bàjẹ́ gan-an, mi ò sì lè bá Mama wí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà wá gba ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ méjèèjì lọ yẹ̀ wò. Ó pè mí lórí fóònù pé ẹ̀jẹ̀ tèmi ti dá àrùn náà mọ̀ dáadáa. Díẹ̀ ló kù kí n jó bọ́ sómi! Ṣùgbọ́n ti Ìyá Ẹ̀bùn, tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀, kò mọ nǹkan kan.

Mo ní, ṣé ọwọ́ Mama ni? Ó ní rárá, ara ò jọra, ewúrẹ́ méjì ò sì tó ẹ̀rí. Mo ní, kí ló wá fà á? Ó ní òun náà ṣì ń wádìí rẹ̀.

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Èmi béèrè títí, mi ò tíì mọ ọ̀nà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé bí dókítà bá ń ṣàlàyé, kí ẹ pe àgbà ilé wá gbọ́ ọ pẹ̀lú yín. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ sọ tiyín fún mi, kí ẹ sì tètè sọ ọ́, torí Ìyá Ẹ̀bùn ti fa ewúrẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa láàárọ̀ yìí, Mama sì ti gbé omi kaná.