Àga Kúkúrú Inú Ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́

Ní àdúgbò yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó mọ orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Jẹ́jẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kí abẹ tó kan orí ẹnikẹ́ni: "Jẹ́jẹ́, a ò sáré." Onígbàjámọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kan lọ, ó kọjú sí títì. Dígí gbọọrọ kan wà lára ògiri, pẹpẹ tó to kílípà àti kóòmù sí wà lábẹ́ rẹ̀, fáànù kan ń ráhùn lókè àjà, àga gíga kan tí wọ́n fi igi líle kàn sì wà láàárín. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú irun wúruwùru, bó bá ń jáde, á máa fọwọ́ pa orí ara rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àwọn kan ní ẹnu Jẹ́jẹ́ yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Irọ́ ni, ọgbọọgba ni wọ́n. Ọpẹ́ ló sì pọ̀ jù lẹ́nu náà. Bí o bá fún un lómi mu, á dúpẹ́. Bí o bá gbàgbé tí o ò fún un, á dúpẹ́ pé o tiẹ̀ ní in lọ́kàn. Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ wọ bàtà, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀. Ó fẹ́ fọwọ́ ọ̀tún ràn án lọ́wọ́, ọwọ́ náà kọ̀. Ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ké sí aládùúgbò, wọ́n gbé e dé ọsibítù, Ọlọ́run sì ṣàánú, ẹ̀mí ò lọ sí i. Ẹnu ló kọ́kọ́ padà bọ̀ sípò, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọwọ́ tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀: ó di ṣíbí mú, ó de bọ́tìnì, nígbà tó yá ó di kílípà mú. Ẹsẹ̀ ni ò gbọ́ràn. Jẹ́jẹ́ ò lè dúró tó àkókò tí wọ́n fi ń gé ìdajì irun orí kan kí orúnkún rẹ̀ tó máa gbọ̀n.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé nílùú mìíràn, ránṣẹ́ pé níparí oṣù òun ń bọ̀ wá mú bàbá àti ìyá òun lọ sọ́dọ̀ òun, kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. "Bàbá mi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ wá jókòó, ẹ máa sinmi." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lójú Jẹ́jẹ́, bíi pé wọ́n fẹ́ sin òun láàyè ni.

Obìnrin kan wà ní ọsibítù náà, nínú yàrá kan tó jọ ilé ìdáná tó tún jọ yàrá ìbùsùn. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ohun tí ènìyàn ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀: bí yóò ṣe máa wẹ̀, bí yóò ṣe máa dáná, bí yóò ṣe padà sídìí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lẹ́yìn àìsàn. Orúkọ gígùn tó wà láyà aṣọ rẹ̀ ṣòro pè, ni Jẹ́jẹ́ bá sọ ọ́ ní Tíṣà Ọwọ́.

"Tíṣà, ìgbà wo lẹsẹ̀ mi máa padà sí bó ṣe wà?"

"Mi ò mọ̀, sà," ni obìnrin náà fèsì. Kò purọ́ fún un rí. "Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé fún yín. Wọ́n ní nǹkan mẹ́ta la gbọ́dọ̀ máa wò pọ̀: ènìyàn fúnra ẹ̀, ibi tó wà, àtiṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ẹ mú un bí ààrò mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá rì, ọbẹ̀ á dà nù. Ẹ̀yin ń wo èyí tó rì nìkan, ẹ fẹ́ kó ga padà. Bí kò bá ga mọ́ ńkọ́? A lè rẹ àwọn méjì yòókù sílẹ̀, kí wọ́n bá a dọ́gba."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ pé yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ààrò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a délé.

Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọn àga, ó wọn pẹpẹ, ó wo ibi tí wáyà gbà. Nígbà tó tún padà wá, ó gbé àpótí ìjókòó kan tó ní táyà kéékèèké lẹ́sẹ̀ dání. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ máa jókòó lé e, kó máa fi yí oníbàárà ká, pé bí àga bá ga jù, àwọn á wá nǹkan ṣe sí i. Jẹ́jẹ́ dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, ó dúpẹ́ dé ojú títì. Ta ló máa gbọ́ irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní rò pé ọ̀rọ̀ ti parí?

Tíṣà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó bá tówẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ká jọ gègèrè lórí àpótí náà. Inú rẹ̀ bà jẹ́ díẹ̀, kò fi pamọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò jókòó lé e?"

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ẹni tó bá jókòó ti orí àgbà, ìgbéraga ló ń gé, kì í ṣe irun. Kí àgbàlagbà tẹrí ba fún mi, kémi wá jókòó gẹlẹtẹ lẹ́yìn ẹ̀? Ká má rí i! Ó sàn kí n máa bọ́mọ mi lọ."

"Ẹ̀yin sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!"

"Ṣé kí n má dúpẹ́ ni? Ẹ gbé e láti ọ̀nà jíjìn."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó rín in. "Èmi ni mo kánjú, sà. Mo wọn gbogbo nǹkan tán, mi ò bi yín ní ohun tíṣẹ́ yìí jẹ́ lọ́kàn yín. Ìyẹn náà wà lára 'ènìyàn fúnra ẹ̀' tí mo ní ká máa wò. Ó dáa, ta ló lè ní kẹ́ ẹ jókòó, tí ẹ ò ní lè kọ̀ fún un?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Bàbá Káfíńtà ni."

Bàbá Káfíńtà ló dàgbà jù ní òpópónà náà. Òun ló kan àga gíga yẹn nígbà tí Jẹ́jẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, irun orí rẹ̀ sì ni wọ́n kọ́kọ́ gé lórí àga náà. Láti ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ ti ṣàìsàn, ó kọ̀ láti lọ bá onígbàjámọ̀ mìíràn. Irun rẹ̀ ti di igbó. Bí wọ́n bá bá a wí, á ní, "Orí mi mọ ilé." Tíṣà béèrè ilé rẹ̀, ó sì jáde.

Oṣù parí. Ọmọ dé, wọ́n di báàgì. Jẹ́jẹ́ ní kí wọ́n jẹ́ kóun fọwọ́ ara òun ti ṣọ́ọ̀bù òun. Ó tẹ ọ̀pá lọ, ọmọ gbé báàgì rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìyàwó ń bọ̀ lẹ́yìn láìsọ̀rọ̀. Wọ́n bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ìyàwó ló ti kó kọ́kọ́rọ́ fún Tíṣà, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ̀rọ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn gé bo ilẹ̀. Tíṣà Ọwọ́ dúró sí kọ̀rọ̀, ó di ẹsẹ̀ àga tí wọ́n gé kúrò mú. Bàbá Káfíńtà ti jókòó sórí àga náà, tó ti wá rẹlẹ̀ bí àga ọmọ iléèwé, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Jẹ́jẹ́."

"Sà."

"Ta ló kan àga yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi náà ni mo gé e kúrú. Gbé àpótí yẹn, kóo jókòó."

"Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni, mo dúpẹ́ o, àmọ́…"

"Ọpẹ́ kọ́ ni mo wá gbà. Irun ni mo wá gé. Àbí o fẹ́ ṣàìgbọràn sí mi?"

Jẹ́jẹ́ kó tówẹ́ẹ̀lì kúrò, ó jókòó. Àpótí yí díẹ̀, ó sì dúró. Orí àgbà náà bọ́ sí iwájú àyà rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ, ọpẹ́ kún inú rẹ̀ débi pé kò rí èyí tó máa kọ́kọ́ mú, omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Irun funfun ń já bọ́ sórí lẹ́búlẹ́bú igi.

Nígbà tó gé e tán, Bàbá Káfíńtà fọwọ́ pa orí rẹ̀ níwájú, ó fi pa á lẹ́yìn. Ó wo ọmọbìnrin náà nínú dígí.

"Tóo bá mú un lọ, ta ló máa gé irun mi?"

Ọmọbìnrin náà gbé báàgì bàbá rẹ̀, ó gbé e padà sílé bàbá náà.